Bàbá Tí Mo Fi Bírò Pa

Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo Bẹẹrẹ ló mọ̀. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá lónìí tó ní òun ń fẹ́ ẹ lọ́la, màá bi í bóyá àdúrà ni wọ́n fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ti tó ọdún kan tó wà nínú mi, n ò lè sọ ọ́ kí ojú má tì mí. Mo pa bàbá ọlọ́mọ. Bírò ni mo fi pa á, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo sì ti pa á.

Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán. Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, kò sì sí àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé kan ní agbègbè yìí tí n ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn ọmọ: èyí tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti já, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ló ti wọ aṣọ náà kó tó kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgékù aṣọ lẹ̀ ẹ́ fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin mìíràn bá mi dá sí i, a di méje, Mùsùlùmí mẹ́rin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, la máa ń jókòó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. A ò ní ọ́fíìsì, a ò sì ní orúkọ ńlá. Ẹni kọ̀ọ̀kan wa ló ní àwọn ilé tó ń mójú tó, kó mọ ọmọ tí kò ní bàtà, èyí tó ń sá ní ilé-ìwé, èyí tí wọ́n fẹ́ fà fún oníṣẹ́ láìtọ́jọ́.

Òfin kan wà tí a kì í fi ṣeré. Tí a bá wọ agboolé kan, a kì í lọ bá ìyá ọmọ tààrà. Àgbà ilé la ó kọ́kọ́ kí. A ó kúnlẹ̀, a ó sọ ohun tó gbé wa wá, àgbà á ṣàdúrà, ká tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Mo ti rí àwọn kan tó ti ibòmíràn wá, tí wọ́n ya wọlé gàdàgbà, tí wọ́n ń ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Wọn ò ya méjì kí wọ́n tó lé wọn jáde. Èmi gan-an ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fi yangàn níbi gbogbo.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ó ń parí ìwé mẹ́fà. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, kó tó di pé ó já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, ọmọ yìí ló sì ń gbé ẹ̀kọ náà kiri kó tó lọ sí ilé-ìwé. Orí rẹ̀ pé, Ọlọ́run ló mọ̀. Tó bá wá jókòó tì mí, tí mo bá ń wọn ọmọ mìíràn, kí n tó ka íǹṣì tán, á ti ní, "Yáàdì méjì ku díẹ̀, Mà." Èmi náà á ní, "Ta ló bi ọ́?" Ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn.

Wọ́n ní ilé-ìwé ìjọba ò gba owó. Ó dáa. Ìwé ńkọ́? Bàtà ńkọ́? Kí ni ọmọ máa jẹ kó tó jáde? Ìyá rẹ̀ ò fi bò fún mi. Ó ní bó bá ti parí ìwé mẹ́fà, òun á fà á fún obìnrin kan ní Òkè-Bọ́lá tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. "Ó kéré tán, á máa jẹun, Àǹtí," ló wí. Ohun tí mò ń bá jà nìyẹn: bóyá ọmọ yìí á wọ sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, tàbí á máa pọn ọmọ ọlọ́mọ kiri Òkè-Bọ́lá.

Àsìkò yẹn ni ẹgbẹ́ ńlá kan wá bá wa, àwọn tó ní ọ́fíìsì ní Òkè-Àdó. N ò ní í dárúkọ wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní àwọn á gba ọmọ mẹ́fà lọ́wọ́ wa. Ìwé, bàtà, gbogbo ohun tí ọmọ ń lò títí á fi jáde sẹ́kọ́ńdírì, ọrùn àwọn ni, àwọn á sì máa gbé oúnjẹ lọ sílé wọn lóṣooṣù. Inú mi dùn débi pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ sẹ́kọ́ńdírì fún ọmọ Bẹ́yẹrúnkà yìí kí n tó ka fọ́ọ̀mù wọn tán. Mo ká etí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, kó lè máa bá a dàgbà. Ìgbà tí mo wá ka fọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i: ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú nìkan.

Inú bí mi. Mo ní kí ni ìyàtọ̀ bàbá tó kú sí bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, tí kò lè gbé garawa omi? Ṣé ìgbà tó bá kú tán ni ebi tó máa pa ọmọ rẹ̀? Mò ń bá ìwé jà bí ẹni tí ìwé máa dá lóhùn. Ọmọ márùn-ún tí mo kọ, bàbá wọn ti kú lóòótọ́. Mo mọ ẹnì kẹfà náà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n mo ní ìyá tiẹ̀ ní ìsọ̀ lọ́jà, tiẹ̀ sàn. Mo mú bírò. Níbi tí wọ́n ti bèèrè bàbá ọmọ Bẹ́yẹrúnkà, mo kọ "olóògbé" sí i. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo padà sídìí aṣọ tí mò ń gé, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà, Àǹtí! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ṣé bàbá ẹ̀ ò ní í gbọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un?" ni mo wí. Bí àwa méjèèjì ṣe gbé e mì nìyẹn.

Ó wá ku ọmọ. Mo pè é wá sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi.

"Tí wọ́n bá bi ọ́ pé, bàbá rẹ ńkọ́, kí lo máa sọ?"

"Màá ní wọ́n wà nílé."

"Rárá o. Wàá ní wọ́n ti kú."

Ó wò mí. "Bàbá mi, Mà?"

"Ẹnu lásán ni. Kì í ṣe pé wọ́n kú lóòótọ́."

"Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní í kú?"

Mo pòṣé. Mo ní láti ìgbà wo ni ẹnu ọmọdé ti ń pa àgbà? Ṣé ó fẹ́ lọ sẹ́kọ́ńdírì ni àbí kò fẹ́? Ó ní òun fẹ́. Mo ní kó sọ ọ́ kí n gbọ́. Ó sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Mo ní kó gbójú sókè kó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó jáde geere, mo sì fún un ní bisikíìtì. Èmi, àgbàlagbà, mo fún ọmọ ní bisikíìtì nítorí pé ó ní bàbá òun ti kú.

Àwọn ará Òkè-Àdó ní àwọn ń bọ̀ wá wo ilé àwọn ọmọ. Fún ilé ti Bẹ́yẹrúnkà, mo mú Ọjọ́bọ̀, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni bàbá ọmọ yìí máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá Yemẹtù. Àwọn méjì ni wọ́n wá: bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta òwú, bá mi sin wọn lọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí mo ṣe. Yàrá ìyá ọmọ wà ní iwájú ilé, ẹ̀bá títì, ibẹ̀ ni mo sì kó wọn yà sí. N ò kí àgbà ilé kankan. Mo ní bí a bá tètè ṣe é, a ó tètè lọ.

Ọmọ wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Bàbá onífìlà bi í ní ìbéèrè méjì nípa ìṣirò, ó dáhùn kó tó bèèrè tán, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

Ó wò mí. Ó gbójú sókè, bí mo ṣe kọ́ ọ. "Wọ́n ti kú, sà."

"Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dúró tì ọ́." Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá ọmọ ń wo ògiri. Mo ti dìde, mo ní ẹ ṣeun, sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé kejì.

Bàbá náà ò dìde. "Ìyá bàbá ọmọ yìí tó wà nínú fọ́ọ̀mù ńkọ́?" ló bèèrè. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní ọ́fíìsì pé a kì í wọlé onílé ká má kí àgbà ibẹ̀."

"Màmá ń sùn, sà."

Ọmọ kékeré kan tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ní, "Wọn ò sùn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà."

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dí i lọ́nà, á fura. Mo ní lọ́kàn mi pé á kàn ní, ẹ kú ilé o, Màmá, á sì yí padà. N ò rò ó pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni bàbá yìí. Ta ló máa dé iwájú ìyá tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ṣaláìsí, tí kò ní í kí i?

Màmá, ìyá bàbá ọmọ, jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà lé itan. Àwa mẹ́rin tò wọlé. Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀, ó lọ́ṣọ̀ọ́ níwájú rẹ̀, ó rọra ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ ò ní í rí irú ẹ̀ mọ́."

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń túfọ̀ níbí mọ ohun tí Màmá rí. A kì í rán ẹnìkan ṣoṣo lọ bá ìyá ọmọ. Àwọn èèyàn tó ṣeé rí ni wọ́n ń kó ara wọn jọ, wọ́n á wọṣọ tó mọ́, wọ́n á rọra wọlé, àgbà inú wọn á ṣí fìlà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣàdúrà fún un pé kó lọ ire, kó bọ̀ ire.

Màmá wo bàbá onífìlà. Ó wo ọmọbìnrin tó mú ìwé dání. Èmi ló mọ̀ nínú wa, ló bá kọjú sí mi. "Àǹtí tẹ́lọ̀," ló pè mí, "ọmọ mi tó jáde láàárọ̀ yìí?"

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ọjọ́ yẹn ló dákẹ́.

"Yéè! Mo gbé o! Ọmọ mi ò!" Ọpọ́n dojú dé, ẹ̀wà fọ́n káàkiri ilẹ̀, Màmá tẹ̀lé e lulẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ilẹ̀kùn agboolé ti ṣí. Ẹni tó ń fọṣọ fi ọṣẹ sọ́wọ́ wá. Ẹnìkan ń ké "Ìnnálílàhi", ẹnìkan ń já gèlè. Àwọn ọkùnrin ti ń bi ara wọn pé ta ló máa lọ gbé e ní Yemẹtù, kí wọ́n lè sin ín kí Àsárì tó dé, mo sì gbọ́ létí mi tí ẹnìkan ń bèèrè ṣọ́bìrì. Ìyá ọmọ tó mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. N ò dá a lẹ́bi. Tí gbogbo ilé bá ń sunkún ọkọ ẹni, ta ló máa dá ara rẹ̀ lójú?

Mo wá rí ohùn. Mo ní, "Kò kú! Màmá, kò kú! Èmi ni mo kọ ọ́!" Ta ló ń gbọ́? Wọ́n rò pé mò ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni.

Ọmọ yẹn ni mo gbọ́ láàárín gbogbo ariwo náà. Ó ti sáré wọ àgbàlá, ó dúró sáàárín ẹ̀wà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Irọ́ ni mo pa! Ọlọ́run, irọ́ ni mo pa o! Mo kàn ní wọ́n kú ni! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kú, mi ò lọ sẹ́kọ́ńdírì mọ́!" Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, láìwọ bàtà, ó gba ojú títì lọ. Ọ̀rẹ́ mi ká ìró, ó sáré tẹ̀ lé e.

Iwájú díẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ọ̀kadà tó ń gbé bàbá rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ ti dì mọ́ ọn débi pé ọlọ́kadà ò mọ bó ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ọ̀rá oògùn so mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo èrò tó kún ilé rẹ̀. "Ta ló kú?" ló bèèrè.

Wọ́n ń di Màmá mú, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lójú, ó fọwọ́ pa á léjìká, ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó wò ó. Ó ní kó dárúkọ ara rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dárúkọ ara rẹ̀ fún ìyá tó sọ ọ́ lórúkọ.

Bàbá onífìlà ti dé fìlà rẹ̀ padà. Ìbá bú mi, n bá fara mọ́ ọn. "A ó máa lọ, Mà," ni gbogbo ohun tó sọ. Ọmọbìnrin tó bá a wá pa ìwé rẹ̀ dé.

Àwọn èèyàn túká díẹ̀díẹ̀. Bàbá ọmọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fọ́ọ̀mù dé orí bisikíìtì. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀ bá bi mí, Àǹtí. Ká ní ẹ bi mí ni, èmi fúnra mi n bá ní kí ẹ kọ ọ́. Kí ló wà nínú kéèyàn kú sínú ìwé nítorí ọmọ ẹ̀?" Ó fi ọwọ́ lé orí ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ mi lẹ fi sí."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Màmá ní dandan, àfi kí wọ́n ṣe sàráà. Èmi ni mo ra ẹ̀wà, èmi ni mo jókòó ti iná tí mò ń din àkàrà, tí mò ń há a fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń ní kí ẹ̀mí bàbá gùn. Lọ́jọ́ Sátidé, àgbà ẹgbẹ́ wa gbọ́ tẹnu mi tán, ó mirí. Ó ní, "Àánú rẹ ò burú. Àìbèèrè rẹ ló burú. O rò pé ẹni tí kò ní, kò ní ẹnu náà." Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn lójú gbogbo wọn.

Mo lọ bẹ̀bẹ̀ ní Òkè-Àdó. Mo kúnlẹ̀ tán, ó ku kí n yí gbirigbiri. Bàbá onífìlà ní kí n dìde, ó gbé àga fún mi. Ó ní ká ní mo wá sọ bí ọ̀rọ̀ bàbá náà ṣe rí fún àwọn ni, bóyá àwọn ìbá rí nǹkan ṣe sí i. Ó ní, "Ṣé kò sí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú lóòótọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, Mà?" Ọmọ Ọjà'ba wá sí mi lọ́kàn, n ò lè wò ó lójú. Ọmọ náà ni wọ́n padà fi di mẹ́fà.

Ẹgbẹ́ wa ní a ó gbé ẹrù ọmọ Bẹ́yẹrúnkà fúnra wa, ká ra ìwé, ká ra bàtà, aṣọ ṣáà ti wà nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a kí Màmá kó tó di pé a bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá ọmọ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ nǹkan kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yín." Lọ́sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọmọ náà kó aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gba Òkè-Bọ́lá lọ.

Aṣọ tí mo rán wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi níbẹ̀, lórí ìṣó. N ò lè tà á, n ò sì lè tú u.

Lóṣù tó kọjá, ilé-ìwé fẹ́ wọlé, ṣọ́ọ̀bù mi kún. Mo gbójú sókè, òun ni mo rí. Ó ti ga. Ó pọn ọmọ kan, ó fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní wọ́n ní kí n wọn èyí tí òun fà lọ́wọ́ fún aṣọ ilé-ìwé. Mo mú téèpù. Mò ń ka íǹṣì sókè, mò ń dúró kó sọ iye yáàdì. Mo ka àyà, mo ka èjìká, mo tún ka àyà lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ nǹkan kan.

Mo bèèrè ohun tí gbogbo èèyàn ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí tààrà, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Wọ́n wà láàyè, Mà."